Shungo Kò Sọ Tẹnu Rẹ̀

MICHIYO: Haló? Shungo! Àbúrò mi, ẹ kú ìrìn o! Ẹ ti dé ibo?

SHUNGO: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ jọ̀ọ́, ibùsùn tí ẹ tẹ́ fún Nagisa, ẹ bá mi ká a.

MICHIYO: Kí n ká a kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá a sóòrùn tán ni! Mo ti fi ewé òkun di ìrẹsì tó fẹ́ràn. Fún un ní fóònù—

SHUNGO: Kò sí lọ́dọ̀ mi.

[Ariwo ọkọ̀ ojú irin]

MICHIYO: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ọmọ rẹ dà?

SHUNGO: Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kóòtù ti parí. Ayano ni wọ́n fún.

MICHIYO: Háà! Ayano tó sùn lọ, tí omi gbígbóná fi bó ọmọ lápá?

SHUNGO: Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo dà á.

MICHIYO: Ìwọ tó wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà! Ṣé wọn ò bi ọ́ ní iibun rẹ ni?

SHUNGO: Wọ́n bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. “Ọ̀gbẹ́ni, iibun yín ńkọ́? Kí lẹ rí sọ níhà tiyín?” Mo ní mi ò ní.

MICHIYO: O ò ní kẹ̀! Olè paraku gan-an ní iibun! Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni—

SHUNGO: Wọn ò ṣìkà. Èmi ni mo dákẹ́.

MICHIYO: Ojo! Láti kékeré, wọ́n á jí oúnjẹ rẹ jẹ, ìwọ náà lo máa bẹ̀bẹ̀!

SHUNGO: Ẹ̀gbọ́n mi, Nagisa ló sọ fún wọn pé èmi ni.



MICHIYO: Nagisa? Ọmọ ọdún méje?

SHUNGO: Wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi létí. “Bàbá ló dà á. Ẹ má bá wọn wí, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.” Tí n bá la ẹnu, wọ́n á pè é ní òpùrọ́.

MICHIYO: Ìgbà wo lo máa rí i?

SHUNGO: Wọ́n ní kí n máa kọ lẹ́tà.

MICHIYO: Tó bá dàgbà, á gbà pé lóòótọ́ ni! Á máa wo àpá yẹn, á máa— Ṣé o gbọ́ mi?

SHUNGO: Mo gbọ́ yín.

MICHIYO: Mò ń bọ̀ lọ́la. Èmi á sọ fún wọn.

SHUNGO: Ẹ má wá. Mo ti buwọ́ lu ìwé kóòtù.

[Michiyo bú sẹ́kún]

MICHIYO: Ó dáa. Sọ fún èmi. Èmi nìkan. Sọ tẹnu rẹ.

SHUNGO: Bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo pọ̀n ọ́n, mo sáré lọ sí ọsibítù. Apá rẹ̀ ti bó. Kò tiẹ̀ sunkún. Ó kàn ń sọ sí mi létí ni: “Bàbá, ẹ má sọ pé màmá ni o.” Mo ní mi ò ní sọ. Ó ní, “Láéláé?” Mo ní—

MICHIYO: Haló? Kí lo ní? Shungo! Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìpè já]