Orúkọ Mi Ni Wọ́n Bá Lórí Fóònù Ọkọ Mi

Ẹ bá mi kígbe "Ó ṣeun!" Ẹ tún un wí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ fáànù lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ ohùn yín o! Ó ṣeun, Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé òkú mi wọ Sàngó! Ẹsẹ̀ tí mo fi rìn wá síwájú yìí, ẹ wò ó dáadáa. Òun ni mo wá dúpẹ́ lé lórí, òun àti ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí tí mo bá kánjú, ẹkún á gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni Mojísọ́lá, ìyá Dámi. Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan lójú ọ̀nà Ìdìrókò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tá a ti ń to páálí bisikíìtì jọ lórí pákó. Ibẹ̀ náà ni ọkọ mi ti ń wa fọ́kílífìtì, ọkọ̀ kékeré onírin méjì níwájú, tó máa ń ti irin bọ abẹ́ pákó, tá sì gbé gbogbo ẹrù orí ẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀. Ẹ má bínú sí mi o, ẹgbẹ́ ni èmi àti ọkọ mi, "ìwọ" ni mo ń pè é. Ìyá rẹ̀ tí wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn ti bá mi jà lórí ẹ̀ títí, ó ti sú wọn. Ìyá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀rí ni mò ń jẹ́!

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Ó máa ń kọrin tó bá ń fọ abọ́. Ohùn ẹ̀ ò dáa rárá, àwọn tá a jọ ń gbé á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó sinmi. Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń wò bí gbogbo ọkùnrin. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ta tẹ́tẹ́ lé e. Kò pẹ́, orin dákẹ́. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ á wà lára mi, ọkàn ẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Àwọn tí kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú tí kò dé rí, àwọn ni wọ́n ń mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa gbọ̀n nínú ilé mi ní Sàngó. Dámi á máa pè é, "Dádì, Dádì." Kò ní gbọ́.

Owó lọ, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀. Owó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Fọ́kílífìtì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀, irin ló ń wà láàárín èèyàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan ọkọ mi á pa ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tá a gbàdúrà títí, òun fúnra ẹ̀ ló kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà pé kí wọ́n ti òun pa. Àyè wà fún un: ẹni tó bá rí i pé òun ò lè dá ara òun dúró, ó lè ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, wọn ò sì gbọdọ̀ ṣí i fún un. Ó gbé fóònù wá, ó ní, "Mojí, wá wò ó." Mo rí i. Wọ́n ti tì í! Ìyá ọkọ mi pa adìẹ. A jó nínú yàrá kan ṣoṣo tá à ń gbé. Orin padà, abọ́ fífọ̀ padà. Ó ṣeun o, Bàbá!

Àmọ́ nígbà tó yá, orin tún dákẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ bí àyà ṣe ń já tí ilé bá dákẹ́ báyẹn?

Níbi iṣẹ́ wa, fóònù kì í kọjá géètì. Inú àpótí tó wà lọ́dọ̀ sẹ̀kúríìtì ni gbogbo wa ń fi í sí. Ẹni tí wọ́n bá ká fóònù mọ́ lọ́wọ́ nínú lọ́hùn-ún, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọkọ mi tó ń fi tiẹ̀ sílẹ̀, ọkàn mi wá balẹ̀ lórí ìyẹn. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gbójú sókè, tí mo rí i lórí fọ́kílífìtì. Ẹrù wà níwájú ẹ̀, ó ga jù ú lọ. Ó sì doríkodò, itan ara ẹ̀ ló ń wò, ó ń jẹ ètè. Yéè! Mo mọ ètè yẹn. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Súpáfásọ̀ wa rí i pé mo dúró, ó jágbe mọ́ mi: "Madam, na you dey drive am? Face your work!"

Nílé, mo ní, "Bàbá Dámi, kí lò ń wò lórí itan lónìí?"

Ó ní, "Itan mi ni."

"Ṣé o tún ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Mojí, ìṣojú ẹ kọ́ ni wọ́n tì mí pa? Ó dáa, gbé Bíbélì wá."

Ó gbé Bíbélì lọ́wọ́ o! Ó búra pé kò sí orúkọ òun lọ́dọ̀ onítẹ́tẹ́ kankan mọ́. Ẹ̀yin ará, kò purọ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo ń bọ̀ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò sinmi. Ẹ̀yìn mi gan-an ni àwọn fọ́kílífìtì ń gbà kọjá. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n máa ń ké pìn-pìn-pìn. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á bù máṣọ. Mo rò ó pé kí n lọ fẹjọ́ sùn. Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo rí? Itan? Tí mo bá sì dákẹ́, tó wá lọ pa èèyàn ńkọ́? Àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: "Olúwa, má jẹ́ kó pa ọmọ ọlọ́mọ."

Bísí ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí iṣẹ́. Oyún ẹ̀ ti wọ oṣù ẹ̀, ìtọ̀ ò sì jẹ́ kó gbádùn. Súpáfásọ̀ ti bá a jà títí pé ìtọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó tún ní, "Àǹtí Mojí, ẹ bá mi mójú tó tèmi, mò ń bọ̀." Mo ní, "Tún lọ bomi rin ọgbà!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó lọ.

Mi ò gbọ́ pìn-pìn kankan. Fọ́kílífìtì kan ń bọ̀, iwájú ló doríkọ, kò sì ké. Ohun tí mo gbọ́ ni gbàgà! Irin ti gbá òpó. Páálí bisikíìtì ya lulẹ̀ bí ilé tó wó. Jésù! Ibi tí Bísí ti kúrò yẹn, ibẹ̀ gan-an ni irin méjèèjì wá dúró sí! Ẹ̀yin ará, ìtọ̀ ni Ọlọ́run fi yọ ìyá àtọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ bá mi yìn ín.

Èmi ní tèmi, páálí bò mí dé àyà, pákó tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gé. Mo gbójú sókè wo ẹni tó wà lórí ọkọ̀, ọkọ mi ni. Ó fò bọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wú páálí, ó ń ké: "Mo ti pa á! Mo ti pa Mojí!" Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù kúrò lára mi ni wọ́n rí fóònù kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ lórí ẹ̀. Ọ̀gá Wálé, tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́, ló mú un. Ó wò ó. Ó wo káàdì tó wà lọ́rùn mi. Ó tún wo fóònù.

Ó ní, "Madam, orúkọ yín ló wà níbí."

Wọ́n gbé mi lọ sí kílíníìkì. Dókítà ní, "Ẹ mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín." Mo mì í. Ó ní, "Eegun ò kán, màmá. Ẹ dúpẹ́ o, ó kù díẹ̀." Mo dúpẹ́ lẹ́nu, àmọ́ ohun tí Ọ̀gá Wálé sọ ló ń dún létí mi. Orúkọ mi? Lórí kí ni?

Wọ́n fà mí lọ sí ọ́fíìsì màdáámù tó ń darí òṣìṣẹ́. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi. Màdáámù gbé fóònù náà sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Ìyá Dámi, ẹ yà mí lẹ́nu. Ẹ gbé fóònù wọlé, ẹ ń ta tẹ́tẹ́ nídìí iṣẹ́, ẹ ò ríwájú yín, dírẹ́bà fẹ́ yà fún yín, ẹrù wó. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ o, torí ọlọ́pàá ló kàn."

Mo fẹ́ sọ pé fóònù mi kọ́, àmọ́ orúkọ mi ló wà lórí àkáǹtì tẹ́tẹ́ inú ẹ̀. Ọjọ́ ìbí mi ni. NIN mi ni, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún mi. Ìgbà yẹn ni ìbúra ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Òótọ́ ni, kò sí orúkọ tiẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Tèmi ló gbé wọlé! Onítẹ́tẹ́ béèrè nọ́ńbà, ó fún wọn ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó béèrè mi.

Ọ̀gá Wálé yíjú sí i: "Dírẹ́bà, ìwọ lo wà lórí ọkọ̀. Ṣé ìyàwó ẹ lo rí pẹ̀lú fóònù yìí?"

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ ju ti abẹ́ páálí lọ. Tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," iṣẹ́ tiẹ̀ dúró, tèmi lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ tó bá lè sọ ọ́, mi ò lọ́kọ mọ́, tẹ́tẹ́ ti gbé e lọ pátápátá. Mo wo ètè ẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́. Mi ò lè gbàdúrà gígùn. Mo kàn ń wí nínú pé, "Jésù, la ẹnu ẹ̀. Jésù, la ẹnu ẹ̀."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ni, àṣé bàtà ló ń tú. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, bàtà ńlá yẹn, ó gbé e sórí tábìlì màdáámù. Ó fa tìmùtìmù inú ẹ̀ yọ. Ó ti gbẹ́ ihò síbẹ̀, ihò tó gba fóònù géérégé.

Ó ní, "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀. Èmi ni. Èyí tí mò ń fi sílẹ̀ ní géètì, ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Inú bàtà ni tòótọ́ ń bá mi wọlé. Nígbà tí wọ́n ti tèmi pa, mo mú NIN ẹ̀ nínú báàgì nígbà tó ń dáná. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ gbà mí, n ò lè dá a dúró."

Ó bú sẹ́kún. Géńdé ọkùnrin! Èmi náà bú sẹ́kún. Màdáámù fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó ń la ẹnu odi! Ẹ yìn ín dáadáa!

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń bi mí pé, "Iṣẹ́ bọ́, o ń dúpẹ́, orí ẹ pé?" Orí mi pé. Iṣẹ́ lọ, ọkọ mi dé. Ẹ jẹ́ n dúpẹ́.

Mo gbé fóònù, mo pe iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin gan-an ni Mojísọ́lá?" Mo ní, "Ó tó àkókò tẹ́ ẹ béèrè! Èmi ni, mi ò sì ta tẹ́tẹ́ rí. Ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ gbé igi dábùú ẹ̀!" Wọ́n tì í. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́, NIN tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wá, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ibí ni yóò máa wà." Ìyá, ṣé irọ́ ni mo pa? Dókítà ní àìsàn ni ohun tó ń ṣe ọkọ mi, kì í ṣe agídí lásán, ó sì ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀. Ó ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòfin, tí ẹnì kan bá wà níbí tó mọ̀ yín, kó bá mi sọ fún yín: ẹ ti ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ fèrèsé wò.

Mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ṣì ń gbọ́ pìn-pìn lójú oorun. Arábìnrin, ìwọ tí orin ti dákẹ́ nílé ẹ, tó o ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àyà ẹ ń já, má dá a gbé. Sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ọlọ́run tó fi ìtọ̀ yọ Bísí, kò sí ohun tí kò lè lò.

Àdúgbò Alápòtí lọ́kọ mi ti ń mọ búlọ́ọ̀kù báyìí. Tó bá dé, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Á bọ́ bàtà méjèèjì, á fa tìmùtìmù inú wọn yọ, á dojú wọn dé níwájú mi, á gbọ̀n wọ́n. Mi ò ní kó máa ṣe é. Òun ló ń ṣe é. Lánàá, mo dúró síbẹ̀, àyà mi ń já bó ṣe máa ń já. Ó gbọ̀n wọ́n. Iyanrìn ló dà sílẹ̀. Iyanrìn nìkan! Mo mú ìgbálẹ̀, mò ń gbá a, mò ń sunkún, mo sì gbọ́ tí abọ́ ń dún nínú ilé, tí ohùn burúkú yẹn gbé orin. Ẹ dìde, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dúpẹ́ iyanrìn!