Kọ́sítọ́mà Ta Ni?

Òjò ló lé mi sábẹ́ àǹbùrẹ́là ìyá kan tó ń ta tòmátò ní Mile 12, ni ìyá náà bá rí obìnrin kan tó gbé tòmátò kún báàgì, tó fẹ́ yọ́ kọjá.

"Kọ́sítọ́mà mi, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á?"

"Kọ́sítọ́mà, ẹ má bínú. Ẹ ò tíì dé nígbà tí mo kọ́kọ́ kọjá ni."

"Ẹ ò wá lè dúró dè mí? Èmi tí mo wá síbi ìkómọ yín! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́sítọ́mà nìyẹn?"

Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní òun á ra ata. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí èmi tí òjò gbé wá: "Kọ́sítọ́mà mi, kí lẹ fẹ́ rà?"

Obìnrin náà gbé báàgì sílẹ̀, ó wò mí látòkèdélẹ̀.

"Kọ́sítọ́mà yín? Láti ìgbà wo?"