Àmì Tí Mo Sún Nínú Orí Aránṣọ

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí kan tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún nínú ilé yìí ní irọ́ nínú, èmi ni mo sì fi í sí i. Kí n tó tún bá yín gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bí dókítà bá ti ti àwọn wáyà tín-ínrín bọ inú ọpọlọ ẹni tí wárápá ń dà láàmú, kí wọ́n lè rí ibi tí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń fi ètò kọ̀ǹpútà wá ibi tí ojú wáyà kọ̀ọ̀kan dé. Ètò náà a gbé àwòrán orí tí wọ́n yà ṣáájú lé èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a sì fi àmì pupa sí ojú wáyà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọpọlọ a máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣí agbárí, nítorí náà wọ́n fún wa láyè láti fi ọwọ́ sún àmì tó bá ṣì. Àyè yẹn ni mo gbà dẹ́ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ tí dókítà rán iná díẹ̀ sí ojú wáyà kan lórí arábìnrin wa aránṣọ, arábìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Màámi ló ń kọrin yẹn." Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé àmì náà wà lápá etí, níbi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ràn gan-an. Mo mọ̀ pé dókítà máa ní iná ló kọrin, kì í ṣe ọ̀run. Ó dùn mí nítorí Ọlọ́run, bí ẹni pé Ó ní kí n wá ṣe lọ́yà Òun. Mo bá fa àmì náà lọ síbi tí kì í gbọ́ nǹkan kan. Kò jìnnà tó ìbú ẹ̀wà kan.

Dókítà wò ó, ó họrí. "Ìyá Jẹ́jẹ́," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé ó dá yín lójú? Ibí yìí kì í gbọ́ nǹkan o." Mo ní ó dá mi lójú. Èyí tó burú jù nìyí: ojú wáyà yẹn kan náà ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Dókítà ní, "A jẹ́ pé mi ò mọ ibi tí màá gé. Kó máa lọ sílé ná." Aránṣọ wá síbí, ó jẹ́rìí pé ọ̀run bá òun sọ̀rọ̀. Èmi náà ni mo dá orin.

Lóṣù tó kọjá, wárápá gbé e ṣubú lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ọwọ́ tó fi ń ránṣọ jóná. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Mo dá àmì náà padà, mo sì jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà mo lọ bá aránṣọ, mo sì jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó ń wé òwú mọ́ ìka. "Ibi tí Màámi ti ń kọrin náà ni àìsàn wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Tí wọ́n bá gé e, ṣé màá tún gbọ́ ọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ nígbà yẹn, ǹ bá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀ irọ́. Ẹni tó dá etí mọ ibi tó fi í sí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún aránṣọ. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ẹ forí jì mí, kí n lè lọ.