Orúkọ Tí Nonno Ń Pè

Owó tí mo fi ń jẹun lọ́sẹ̀ kan ní yunifásítì láyé ọjọ́un kò lè ra kọfí kan mọ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Turin ní Ítálì. Ìyẹn ni mò ń rò nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Asti, nígbà tí mo gbọ́ tí obìnrin méjì ń sọ Yorùbá níwájú mi.

"Àǹtí, mi ò padà sọ́dọ̀ nonno yẹn mọ́."

"Bàbá àgbà ará Amẹ́ríkà tí ò ń tọ́jú? Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Rárá o. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tiwọn ló gbá jẹun, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà, tí wọ́n ń forí kọ lu ara wọn, nígbà tí akoto wọn ṣì jẹ́ awọ. Òun ni kápúténì. Kí wọ́n tó wọ pápá, á pe orúkọ wọn, wọ́n á dáhùn. Ó ṣì ń pè wọ́n nírọ̀lẹ́. Gbogbo wọn ti kú."

"Orí tó ti kọ lu èèyàn tó bẹ́ẹ̀, kí lo fẹ́ kó máa rò?"

"Lánàá, ó pe orúkọ mi mọ́ tiwọn. Orúkọ tí màmá mi sọ mí, Àǹtí! Orúkọ ìrìbọmi nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! O ò dáhùn, àbí?"

"Ẹnu mi ti ní 'Sà' kí n tó mọ̀. Mo tún kúnlẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní a ti pé."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Asti. Èmi wá ń ka orúkọ àwa tí a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì: Délé ṣì wà, Fọlá ti lọ, Káyọ̀dé ṣì wà. Nígbà tó kan orúkọ tèmi, mo pa ẹnu mi dé.