Agolo Tí Mo Ṣí Sínú Oòrùn

Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ kí ọkọ mi máa bú ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mi ò jalè, mi ò yan àlè, mi ò sì fi májèlé sọ́bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Agolo kan ni mo ṣí. Nítorí agolo yẹn, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ tí ọkọ mi fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀ sì ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń wò ó níran.

Ọ̀jọ́ ni à ń gbé, nítòsí ọ̀sà. Kápẹ́ńtà ni ọkọ mi kó tó bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́, èyí tó ń gbé sinimá ìlera káàkiri abúlé, tí wọ́n fi ń kọ́ wa bí a ṣe lè sá fún ẹ̀fọn. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ògbólógbòó kámẹ́rà kan ta ọkọ mi lọ́rẹ. Ọkùnrin mìíràn ìbá máa fi ya ìgbéyàwó. Tèmi ní sinimá tó ń dẹ́rù bani lòun máa ṣe! Ó ní ẹ̀fọn inú sinimá òyìnbó ò já ẹnikẹ́ni láyà, pé àkúdàáyà ni àwọn èèyàn wa ń bẹ̀rù, òun á sì fi hàn wọ́n. Kò ní ọ̀gá, kò sí ilé iṣẹ́ tó rán an. Òun nìkan ló rán ara rẹ̀.

Obìnrin tó ṣe àkúdàáyà náà ń jẹ́ Sìkírá, ará Ìbà, ẹja yíyan ló ń tà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá dúró sójú kan tí kò ṣẹ́jú, àyà èèyàn á já. Nítorí pé kámẹ́rà náà ò ríran láìsí oòrùn, ojúmọmọ ni wọ́n ń yà á, nínú igbó kan ní Igbó-Elérin. Ọkọ mi á jáde láàárọ̀, á dé nírọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ ò sì ní kúrò lórí Sìkírá: bí Sìkírá ṣe yíjú, bí Sìkírá ṣe rìn. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Ìyá kan ládùúgbò tún wá ta á sí mi létí pé gbogbo ohun táwọn méjèèjì ń ṣe nínú igbó ló wà nínú agolo tí ọkọ mi gbé pamọ́ sínú àpótí.

Ilẹ̀ òyìnbó ni agolo náà ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oògùn fọ fíìmù kí àwòrán tó yọ. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé e lọ, oṣù mẹ́ta ló sì ń gbà kó tó padà dé. Ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú pé nǹkan wà níbẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kó gbé e lọ sí Èkó, bó ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé e sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo tú aṣọ dúdú tó fi wé e, mo sì ṣí i sínú oòrùn. Kí ni mo rí? Ọ̀já gbọọrọ kan tó ní àwọ̀ eérú. Kò sí Sìkírá, kò sí igbó, kò sí nǹkan kan. Inú mi dùn, mo dé e padà, mo tún un wé bó ṣe wà.

Nígbà tí fíìmù náà dé láti òkè òkun, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló funfun báláú. Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé fún mi pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn, pé ó ní láti jẹ́ pé òun ò pa kámẹ́rà náà dé dáadáa. Mo mọ̀ pé èmi ni, àmọ́ mi ò jẹ́wọ́. Ó so èyí tó kù pọ̀, ó sì gbé e hàn lọ́gbà ilé ìwé kan ní Okokomaiko, kété tí ilẹ̀ ṣú. Ẹ̀yin èèyàn mi, níbi tí oòrùn ti kan etí fíìmù náà, ìmọ́lẹ̀ kan ń wọlé bí iná láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á gbé Sìkírá mì, á tún pọ̀ ọ́ jáde. Àwọn èèyàn sá! Bàbá àgbà kan fi fìlà sílẹ̀ lọ. Gbogbo ẹnu ló ń béèrè bí ọkọ mi ṣe ṣe ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

Ó ya òmíràn, ó dojú kámẹ́rà kọ oòrùn, kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó tún ya òmíràn, ó gbé dígí síwájú rẹ̀, ó burú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbé e hàn ní Ìbà, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ làwọn wá wò. Ẹ̀kẹrin wà nínú agolo, kò tiẹ̀ wù ú láti fi ránṣẹ́ mọ́. Ó ní oríire ọjọ́ kan ṣoṣo ni, pé òun ò mọ iṣẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu kámẹ́rà kó lè tà á, ó sì gbé ayùn rẹ̀ jáde. Bí mo bá sọ òótọ́, ìyìn tó ti gbà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí n ò bá sọ ọ́, iṣẹ́ náà tán. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá Rísí, èmi ni mo ṣí agolo yẹn. Sìkírá ni mò ń wá níbẹ̀.”

Ó gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Oòrùn àárọ̀ ni àbí tọ̀sán?”

Mo ní tàárọ̀ ni. Ó ní kí n fi bí mo ṣe gbé e dání han òun, mo fi hàn án. Ìgbà yẹn lomi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọdún méjì ni mo fi ń pe ara mi ní òmùgọ̀, Ìyá Rísí. O sì ń gbọ́.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè mí sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ó gbé agolo kẹrin lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ṣí i bí mo ṣe ṣí ti ìjọ́sí, pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni fíìmù náà dé. Ìmọ́lẹ̀ yẹn wà níbẹ̀! Ọkọ mi fẹ́ gbé e hàn ní Ọ̀jọ́ níbí, ó sì ní orúkọ mi lòun máa kọ sábẹ́ tòun níbẹ̀rẹ̀ sinimá náà, pé èmi ni mo ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn nìyí. Bí orúkọ mi bá jáde, wọ́n á bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ, Sìkírá ló sì máa kọ́kọ́ béèrè. Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ mí rí, ẹja ló ń fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń fura sí i. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un? Ṣé kí n ní kó má kọ orúkọ mi ni? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí ó ti ra ọ̀dà tó fẹ́ fi kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ lánàá, mo ní kí Rísí ọmọ mi fìka kọ orúkọ mi sórí yanrìn fún mi, kí n lè dá a mọ̀ tó bá yọ.