Orúkọ Màámi Wà Lára Ilé Tó Gba Èémí Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi. Ìrọ̀rí lórí ìrọ̀rí la fi gbé Màámi ró, nítorí bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹrẹsẹ, èémí kò ní tó wọn. Fóònù wọn kì í jìnnà sí wọn, nítorí àwòrán kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ rí: àwòrán ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí a kùn ní àwọ̀ ewé àti funfun, tí orúkọ Màámi sì wà gàdàgbà níwájú rẹ̀. "Ẹ wo òkè, ẹ wo àjà rẹ̀," ni Màámi máa ń wí. "Ìjọba ti yọ èyí tó ṣe mí báyìí. Àwọn ọmọ yẹn ti bọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wo ojú mi kí n lè bá wọn fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Èmi á rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Irọ́ ni mò ń pa. Ìjọba kò yọ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú ilé wa, n kò sì mọ bí mo ṣe lè máa gbé e kiri mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí n kì í fẹ́ sọ ohun tí n kò lè tọ́ka sí. Olùkọ́ ni Màámi. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìlasàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀gá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. N kò tíì lè dárúkọ rẹ̀. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Pẹlẹbẹ funfun líle kan ni wọ́n fi ṣe àjà gbogbo kíláàsì ibẹ̀, èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ìgbà náà fẹ́ràn gidigidi nítorí pé iná kì í jó o, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Asibẹ́sítọ̀sì ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń jò sí i lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó tún orúlé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àjà náà ń là, tó ń fọ́, tí ègé rẹ̀ ń já bọ́ sórí tábìlì wa. Èmi pẹ̀lú jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwa ọmọ máa ń du ègé wọ̀nyẹn mọ́ ara wa lọ́wọ́, nítorí bí a bá fi fa ilà suwé sílẹ̀, ó máa ń hàn ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Màámi ló máa ń kọ́kọ́ dé ní àárọ̀, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń gbá ìyẹ̀fun funfun tó ti dà sílẹ̀ kúrò, kí àwọn ọmọ má bàa bá ìdọ̀tí nínú kíláàsì. Ìmọ́tótó ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé agbègbè wa nígbà yẹn yóò rántí eruku náà. Ó wà lórí ewé, ó wà lórí aṣọ tí a sá, ó wà nínú omi tí a gbé sílẹ̀ láìdé. Láti Ìkàtẹ́ títí dé Awóyaya, ẹnikẹ́ni tó bá húkọ́, ọ̀nà la máa ń bú. Ikọ́ títì la sọ ọ́, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba kò tíì parí ọ̀nà, ó ti kọ́kọ́ pín ikọ́. Màámi náà ń húkọ́. Wọ́n ra oògùn ikọ́, wọ́n lo ewé, wọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá parí ni ikọ́ yóò parí. Nítorí àánú àwọn ọmọ, wọ́n pe káfíńtà láti tún gbogbo fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe, wọ́n sì pàṣẹ pé kí olùkọ́ kankan má ṣí i títí iṣẹ́ ọ̀nà yóò fi kúrò níwájú wa. Mo rántí ooru ibẹ̀. Mo rántí bí a ṣe ń làágùn bí ẹni wà nínú ilé ìdáná, tí ìyẹ̀fun funfun náà sì ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí wa lórí nígbàkigbà tí ẹnì kan bá gbá ilẹ̀kùn. A ti fèrèsé mọ́ eruku tí à ń bú, a sì ti ara wa mọ́lé pẹ̀lú èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí eruku.

Yunifásítì ni mo ti wá mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́ ni mo kà. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa gbé ègé pẹlẹbẹ funfun kan wá nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i. Ó ṣàlàyé pé okùn wínníwínní tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀; bí ó bá fọ́, á máa fò kiri nínú afẹ́fẹ́, bí ènìyàn bá sì fà á símú, ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di àìsàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń wo àwọn ìka mi, nítorí mo mọ bí ègé náà ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ẹni tó bá fi fa suwé.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo ti ń gbá kí n tó bí ọ ló wá di májèlé lónìí? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín kò ní iṣẹ́ ṣe." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú wọn. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Láti ọjọ́ náà ni Màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Káńsù ní àwọn kọ́ ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ, kí wọ́n lọ bá wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àtúnṣe kéékèèké wà lọ́wọ́ káńsù. Màámi béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ibẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àjà tó ń wó lé ọmọ lórí, ṣé kékeré ni tàbí ńlá?" Akọ̀wé náà ní, "Màmá, ẹ má fi mí sínú ìyọnu." Ọ̀dà ni wọ́n fi ń dá Màámi lóhùn. Bí ènìyàn ńlá kan bá ti fẹ́ ṣe àbẹ̀wò, wọ́n á kun ilé ẹ̀kọ́ náà láti iwájú, wọ́n á kùn ún dé ibi tí ojú àlejò lè dé, àjà á sì wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí Màámi fi fẹ̀yìn tì.

Àìsàn náà kò pariwo nígbà tó dé. Omi ló ń kún àyà wọn. Dókítà á fà á, á tún kún. Dókítà náà béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, Màámi ní olùkọ́ ni àwọn. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń gé asibẹ́sítọ̀sì tàbí tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Màámi wò mí, èmi náà wo Màámi, mo wá sọ ọ̀rọ̀ àjà náà fún dókítà. Ó ní jẹjẹrẹ ló mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró wọn. Kò búra pé àjà ilé ẹ̀kọ́ ló fà á, èmi náà kò sì ní búra fún yín. Ohun tí ó sọ ni pé òun kò tíì rí irú àìsàn yìí lára ẹni tí kò bá nǹkan náà pàdé rí.

Nígbà tí ìbò káńsù sún mọ́lé, alága wá kí Màámi nílé wa pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì dání. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ABD. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ti rí i gbà."

"N kò fẹ́ ìrẹsì," ni Màámi wí. "Ẹ bá mi yọ àjà yẹn."

Alága rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ṣì le bí ìgbà tí ẹ ń fi pàṣán lé wa." Ó sì ṣèlérí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, ó sì parí kíákíá. Káńsù fi orúkọ Màámi sọ ilé náà. Lọ́jọ́ ìṣíde, a gbé wọn wọlé lórí àga, wọ́n gbójú sókè wo àjà ike funfun tó ń dán, omijé ayọ̀ bọ́ lójú wọn. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ní àdúgbò wa, ohunkóhun tí wọ́n bá tú kúrò lára ilé ìjọba kì í pẹ́ kó tó di nǹkan ẹlòmíràn. Ẹni tó ń yan ẹja á fi bo ààrò, mẹkáníìkì á fi dá ìṣọ̀ rẹ̀ sí méjì, ẹlòmíràn á fi ṣe ilé adìyẹ. Mo rìn yí ká, n kò rí ẹyọ kan. Mo bi ìyá tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà bóyá òun rí àjà àtijọ́ gbà. "Àǹtí, a dúró títí ọrùn fi ń dùn wá," ni ó wí. "A ò rí wọn gbé nǹkan kan jáde. Àfi bí wọ́n bá jẹ ẹ́." Mo bá yá àkàbà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́, mo gun òkè, mo ṣí ihò àjà, mo sì tan iná fóònù mi sínú rẹ̀. Àjà àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n lu ìṣó gba àárín rẹ̀ kọjá láti fi igi àjà ike kọ́. Ibi tí ìṣó gbà ti là, ìyẹ̀fun funfun náà sì ti tẹ́ sórí ike tuntun bí ìgbà tí ènìyàn ku àtíkè.

Mo wá ọ̀gá tó ṣe iṣẹ́ náà lọ sí ibi tó ti ń kọ́lé ní Awóyaya. Kò bá mi jiyàn. "Àǹtí, yíyọ àtijọ́ kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Tuntun ni wọ́n ní kí n kàn, mo sì kàn án."

"Alága mọ̀?"

"Ohun tí alága béèrè ni pé ṣé yóò parí kí ìbò tó dé."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ike ti bò ó. Kí ló tún kù?" Ó gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́. "Ẹ rò ó dáadáa o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá di ariwo, orúkọ Màmá ni wọ́n máa kọ́kọ́ nù kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ìyá gbádùn ìwọ̀nba tó kù."

Mo lọ sí káńsù. Wọ́n ní àwọn ti ṣe tàwọn, bí ohun kan bá kù, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní káńsù ló fọwọ́ kan ilé náà kẹ́yìn, káńsù ló ni ín báyìí.

Ní àárọ̀ àná, lẹ́yìn tí mo nu ojú fún Màámi tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àbẹ̀kẹ́, mo gbàgbé láti bi ọ́. Níbo ni wọ́n kó àjà àtijọ́ dà sí? Kó má lọ jẹ́ ibi tí ọmọ ẹlòmíràn á ti fi fa suwé."

Mo ní, "Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, Màámi. Ó jìnnà."

"Ṣé wọ́n wé e nínú ọ̀rá bí o ṣe sọ fún mi?"

"Wọ́n wé e."

"O fojú ara rẹ rí i?"

"Mo rí i, Màámi."

Wọ́n di ojú wọn. "Ó dáa. Mo lè sinmi nìyẹn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, àlejò kan yóò gbé e dé ibùsùn yìí, èémí tó kù fún Màámi yóò sì lọ sórí ìbànújẹ́. Bí mo bá dúró kí wọ́n lọ tán, àwọn ọmọ ń mí sínú kíláàsì yẹn lójoojúmọ́, lábẹ́ orúkọ ìyá mi. Ẹni tí irú èyí bá ti dé bá rí, kí ó gbà mí nímọ̀ràn, kí ó má sì pẹ́. Ẹ̀yin tó kù, bí ìjọba bá pè yín wá pàtẹ́wọ́ fún àtúnṣe kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n kó àtijọ́ lọ, ẹ sì ní kí wọ́n mú yín débẹ̀.

Àwọn ọmọ ti wọlé sáà tuntun. Lánàá náà, mo yà síbẹ̀, mo bẹ ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ tó wà ní kíláàsì tí Màámi ti kọ́ mi pé kí ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá padà wá. Ó fi ọ̀wọ̀ kí mi, ó dá mi mọ̀, ó ní òun mọ ẹni tí ìyá mi jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ fa fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ padé.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ni ó wí. "Eruku títì ló ń wọlé."