Orúkọ Tí Mo Fi Dán An Wò

Bí mo bá tún pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, òun náà ni yóò pa mí. A sin Ìyá Kàdírì ní ìlú Àtàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Kàdírì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, dúró sẹ́yìn ògiri, kò da erùpẹ̀ sínú sàréè. Gbogbo ènìyàn ló ń bú u. Èmi Olúwaṣẹ́gunfúnmi nìkan ló mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bú.

Áàpù, ètò orí fóònù, ni mo ń ṣe, ní yàrá kan ní àdúgbò Ilo-Awela, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ìníolúwa. Bọ̀ọ̀dá Kàdírì, tó ń gbé yàrá kejì sí mi, ló fún wa ní èrò àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ ni ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní àdúgbò Ṣàngó. Ó ní, "Àbúrò, ẹ ṣe nǹkan tó máa sọ fún wa géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pe èèyàn síṣẹ́ lónìí, ká yéé dúró lásán." A ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ó, wọ́n ń ṣàdúrà fún wa, àmọ́ àdúrà kì í ra dátà. Ìníolúwa ní, "Ṣé àwọn tó dúró níta géètì lo fẹ́ tà á fún ni? Ẹni tó ni géètì ló ń ra nǹkan." Bí a ṣe yan èrò kejì nìyẹn: áàpù tí máníjà ilé iṣẹ́ yóò fi wo nọ́ńbà fóònù òṣìṣẹ́, kó mọ̀ bóyá ó ti hùwà burúkú níbòmíràn. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo tan ara mi pé olè nìkan ni yóò mú.

Lọ́jọ́ tí a lọ fi han àwọn máníjà, kò tíì sí orúkọ kankan nínú rẹ̀. Mo nílò ẹyọ kan láti fi dán an wò lójú wọn. Nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá Kàdírì nìkan ni mo mọ̀ lórí, torí òun ni mo máa ń pè bí ara mi ò bá yá. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, mo kọ "olè" sí i. Àmì pupa yọ, inú wọn dùn, wọ́n rà á. Mo ní n óò pa á rẹ́ tí a bá délé. Ìníolúwa ní, "Bí orúkọ àkọ́kọ́ bá pòórá, wọn á bi wá ní ìdí. Ta ló máa gba ìyókù gbọ́?" Mo fi í sílẹ̀. Ẹ má bá mi dá Ìníolúwa lẹ́bi. Ọwọ́ tèmi ló wà lórí kọ̀ǹpútà.

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọn kò gba Bọ̀ọ̀dá Kàdírì síṣẹ́ ní géètì kankan. Wọn kì í sọ ìdí. Ó gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá bá mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Àbúrò, aáfà kan ní ẹni tó ń dí mi lọ́nà, ọmú rẹ̀ ni mo mu dàgbà. Ìwọ tó kàwé, ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?" Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí níwájú mi, orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ayé le. Ẹ máa ṣọ́ra."

Kò dé ilé ìyá rẹ̀ ní Àtàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá fi oúnjẹ ránṣẹ́, ó dà á nù. Ìyá pè mí: "Ṣẹ́gun ọmọ mi, bá mi bi í, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?" Mo ní n óò bi í. Mi ò bi í. Wọ́n kú pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lẹ́nu.

Mo ti pa orúkọ náà rẹ́ láàárọ̀ yìí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá èrò tó máa mówó wọlé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ta ló máa sunkún nítorí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Kàdírì, ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá sì lè forí jì mí, ẹ má ṣàì lọ sí Àtàn, kí ẹ sọ fún Ìyá pé ẹ ti mọ̀. Wọn ò dí yín lọ́nà rí. Èmi ni.